Ẹni Tó Ti Ń Fa Á Ńkọ́?

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan báyìí tí ìbéèrè kan ti jókòó sí mi lọ́kàn, tí kò sì fẹ́ dìde. Gbólóhùn kan ṣoṣo ni. Wọ́n fi bíròó kọ ọ́ sórí bébà tí wọ́n fà ya nínú ìwé, wọ́n sì ká a pọ̀ dáadáa kí wọ́n tó jù ú sínú àpótí. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ló kọ ọ́, ní iléèwé girama kan ní agbègbè Ìjẹ̀bú-Òde tí mo ti wà lára ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́. Mi ò mọ̀ bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Ohun tó kọ ni pé: "Ẹni tó ti ń fa á ńkọ́?"

Bí a bá ń bá àwọn ọmọ wa sọ̀rọ̀ sìgá, ṣíṣà àti vape (sìgá oníbátìrì), "ẹ má dán an wò" la máa ń sọ. Ìkìlọ̀ tó dára ni, mi ò sì ní kí a jáwọ́ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ nìkan ló ń bá wí. Ọmọ tó ti dán an wò, tó ti ń fa á lẹ́yìn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nígbà tí wọ́n bá lu agogo ìsinmi, tó wá jókòó sáàárín ẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń gbọ́ ohun tí fífa á yóò ṣe fún un, kí la ní kó ṣe? A ò sọ fún un. Kò sì lè bi wá, torí ẹni tó bá bi wá ti jẹ́wọ́.

Ọjọ́ tí wọ́n wá láti Ṣágámù

Dókítà obìnrin kan ló wá bá àwọn ọmọ sọ̀rọ̀ lórí sìgá àti irú rẹ̀, pẹ̀lú nọ́ọ̀sì kan àti akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn méjì. Àwọn ọmọ SS1 àti SS2 kún inú gbọ̀ngàn, àwọn olùkọ́ dúró sẹ́yìn, àwa òbí díẹ̀ sì jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Mo ti ń retí àwòrán ẹ̀dọ̀fóró tó ti jẹrà, irú èyí tí wọ́n máa ń fi dẹ́rù ba ọmọ. Dókítà yìí kò gbé ọ̀kankan wá. Ó ní kí àwọn ọmọ máa dárúkọ ohun tí wọ́n mọ̀ fún òun.

Ẹnu ya àwa àgbà. Wọ́n dárúkọ sìgá, wọ́n dárúkọ ṣíṣà, wọ́n dé orí vape, wọ́n sì ń ka adùn rẹ̀ lọ lọ́kọ̀ọ̀kan: máńgò, ọsàn, mínìtì, ṣingọ́ọ̀mù. Ọmọbìnrin kan ṣàlàyé pé òmíràn jọ bíròó, òmíràn jọ fláàṣì tí wọ́n ń kì bọ kọ̀ǹpútà, pé olùkọ́ lè mú un lọ́wọ́ kó má mọ ohun tó jẹ́. Òmíràn ní àsìkò Iléyá ni òun kọ́kọ́ rí i, nígbà tí àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá òun ti Èkó wá sílé. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilẹ̀-Ifẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ni ọgbọ́n ti kọ́kọ́ jáde.

Lẹ́yìn ìyẹn ló pín sitírọ́ọ̀ fún wọn. Ó ní kí wọ́n fọwọ́ di imú, kí wọ́n fi sitírọ́ọ̀ nìkan mí fún ìṣẹ́jú kan, kí wọ́n sì máa sáré lójú kan. Ẹ̀rín gba gbogbo gbọ̀ngàn. Kò pẹ́ tí ẹ̀rín fi tán, tí ọ̀pọ̀ ti já sitírọ́ọ̀ sílẹ̀, tí wọ́n ń mí gúlegúle. Ó wo ojú wọn, ó ní: "Bí ẹni tí sìgá ti ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́ ṣe ń mí nìyẹn, tọ̀sán tòru. Òun kò sì ní sitírọ́ọ̀ tó lè yọ lẹ́nu."

Ohun tó mú kí àwọn ọmọ gbà á gbọ́, lójú tèmi, ni pé kò fi àbùmọ́ kún ọ̀rọ̀. Ó ní èéfín sìgá ní kẹ́míkà tó lé ní 7,000, àti pé nǹkan bí 70 nínú wọn ló ń fa jẹjẹrẹ. Ó ní ẹni tó bá fa ṣíṣà fún wákàtí kan lè ti fa èéfín tó pọ̀ tó ti ọgọ́rùn-ún igi sìgá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, pé omi inú ìgò rẹ̀ ń tu èéfín náà lójú ni, kì í yọ májèlé rẹ̀ kúrò, àti pé èédú tó ń jó lórí rẹ̀ ń tú carbon monoxide jáde, gáàsì tó ń gba ààyè atẹ́gùn nínú ẹ̀jẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin kan wá dìde pé òun kà lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé vape pa ènìyàn ní Amẹ́ríkà. Dókítà lè fi ìyẹn dẹ́rù bà wọ́n. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní òótọ́ ni, pé àìsàn ẹ̀dọ̀fóró kan bẹ́ sílẹ̀ níbẹ̀ ní 2019, pé nígbà tó fi di February 2020, àwọn 2,807 ló ti dé ilé ìwòsàn tàbí tí wọ́n kú, àwọn 68 sì ni ikú wọn dájú. Ṣùgbọ́n ó fi kún un pé èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ wá láti ara vape tí wọ́n fi oje igbó (marijuana) sí, tí wọ́n fi òróró vitamin E acetate lú.

Ọ̀dọ́kùnrin náà kò jókòó. "Ṣé vape wá dára ju sìgá lọ nìyẹn, Ma?" Mo rí i tí àwọn olùkọ́ ń wo ara wọn. Dókítà ní májèlé inú vape kéré sí ti sìgá lóòótọ́, pé àgbàlagbà tó ti ń fa sìgá láti ogún ọdún lè ní ohun tó fẹ́ bá dókítà rẹ̀ sọ lórí ìyẹn. "Ẹ̀yin ńkọ́? Sìgá kọ́ lẹ ń fà bọ̀ kí vape tó dé. Atẹ́gùn lẹ ń mí látọjọ́ tí wọ́n ti bí yín. Atẹ́gùn ni kí ẹ fi vape wé." Ọmọ náà jókòó, mo sì rí i pé ó ń rò ó.

Òmíràn tún béèrè nípa bàbá bàbá rẹ̀ tó ń mu tábà títí ó fi lé ní ọgọ́rin ọdún. Ìbéèrè yìí la máa ń bá pàdé nílé wa, àwa Ìjẹ̀bú, torí kò sí agbolé tí kò ní irú bàbá bẹ́ẹ̀. Dókítà ní tábà ń pa tó ìdajì àwọn tí kò bá jáwọ́ nínú rẹ̀, pé lágbàáyé ó ń pa ju mílíọ̀nù méje lọ lọ́dún. Bàbá yẹn bọ́ sínú ìdajì kejì. Kò sẹ́ni tó lè yan ìdajì tí òun yóò bọ́ sí.

Bébà kan láti inú àpótí

Nọ́ọ̀sì ti gbé àpótí páálí kan sẹ́nu ọ̀nà láti ìbẹ̀rẹ̀, ó ní ẹni tí ojú bá ń tì kó kọ ìbéèrè rẹ̀ síbẹ̀, kó má kọ orúkọ. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ń parí lọ, dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í mú wọn jáde, ó ń kà wọ́n sókè. Ó dé orí èyí tí mo ń wí. Ó kọ́kọ́ kà á sínú, ó wá kà á síta.

Àwọn ọmọ kan rẹ́rìn-ín, àwọn kan yí ọrùn láti mọ ẹni tó kọ ọ́. Igbákejì ọ̀gá iléèwé rìn wá síwájú, ó na ọwọ́. "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n wo ọwọ́ ìwé yẹn."

Gbogbo ènìyàn gbọ́ ọ. Dókítà ká bébà náà padà, ó fi sínú àpò aṣọ funfun rẹ̀, ó tẹ orí ba díẹ̀ fún ọkùnrin náà torí pé ó jù ú lọ lọ́jọ́ orí. "Ẹ má bínú, sà. Èyí ti di ti aláìsàn mi."

Mi ò lè sọ bí gbọ̀ngàn yẹn ṣe rí lẹ́yìn gbólóhùn náà tán. Gbogbo ìwúkọ́ àti ìsọ̀rọ̀ abẹ́lẹ̀ dáwọ́ dúró. Dókítà wá kọjú sí àwọn ọmọ, ó ní: "Ẹni tó kọ èyí, o ṣeun. Ìwọ gan-an ni mo bá wá." Ó sì dá a lóhùn pẹ́, ó pẹ́ ju gbogbo àlàyé tó ti ṣe ṣáájú lọ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ni mo wà, mo sì rí ojú àwọn ọmọ mélòó kan tó ti gbójú sílẹ̀ láti àárọ̀ tí wọ́n ń gbé e sókè. Wọ́n ju ọ̀kan lọ. Ìyẹn ni kò jẹ́ kí n sùn.

Mi ò ní fẹ́ kí ẹnikẹ́ni ka igbákejì ọ̀gá yẹn sí ènìyàn burúkú. Òfin iléèwé wà níwájú rẹ̀: ẹni tí wọ́n bá bá sìgá lọ́wọ́ rẹ̀, ilé ni yóò lọ. Àwa òbí náà la sì ń pariwo nípàdé pé kí wọ́n "yọ ẹyin tó bàjẹ́ kúrò". Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo gbọ́ pé àwọn olùkọ́ kan ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ ìwé àwọn ọmọ wò, láti mọ ìwé tí ojú ewé kan ti ya kúrò. Ọ̀gá iléèwé ló dá wọn dúró. Bí kò bá dá wọn dúró ńkọ́? Àpótí tí dókítà mìíràn bá tún gbé wá, òfìfo ni yóò gbé lọ.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọmọ náà

Bí dókítà ṣe dáhùn ló jẹ́ kí n rí i pé ìyà tí a ń fi jẹ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò bá ohun tó ń ṣe é mu rárá.

Bí ènìyàn bá fa èéfín tó ní nikotíìnì sínú, èròjà tó ń sọ sìgá àti vape di bárakú, kì í gbà ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá sí ogún lọ kó tó dé ọpọlọ. Ibẹ̀ ni yóò ti mú kí dopamine tú jáde, èròjà tó ń sọ fún ọpọlọ pé "ohun tó dára nìyí, tún un ṣe". Ọpọlọ ènìyàn kì í gbó tán títí di nǹkan bí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ọpọlọ tó ṣì ń dàgbà sì ń tètè kọ́ ohun gbogbo: ó ń tètè kọ́ ìṣirò, ó ń tètè kọ́ èdè, ó sì ń tètè kọ́ bárakú. Ní Amẹ́ríkà, nínú àgbàlagbà mẹ́wàá tó ń fa sìgá lójoojúmọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mẹ́sàn-án tó kọ́kọ́ fa á kó tó pé ọdún méjìdínlógún. Àwọn tó ń ta á mọ èyí dáadáa. Ta ló ń ṣe adùn ṣingọ́ọ̀mù fún bàbá ẹni àádọ́ta ọdún? Nínú vape tuntun, wọ́n ti sọ nikotíìnì di irú iyọ̀ kan tí kì í ta lọ́fun, tí ọmọ tí sìgá ìbá mú wúkọ́ títí kó fi jù ú nù fi lè fà á láìmira. Ike vape kékeré kan tó ní nikotíìnì ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lè gbé nikotíìnì tó tó ti páálí sìgá kan.

Wàyí o, ọmọ náà fẹ́ jáwọ́. Dókítà ka ohun tí ojú rẹ̀ yóò rí: inú yóò máa bí i láìnídìí, ara rẹ̀ kò ní balẹ̀, kò ní lè fọkàn sí ohun tí olùkọ́ ń kọ, oorun rẹ̀ yóò dàrú, ebi yóò máa pa á. Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́ ló máa ń le jù, tí yóò sì máa rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ìwọ̀nyẹn kà. Ọmọ tó ń kanra, tí kò jókòó jẹ́ẹ́, tí ọkàn rẹ̀ kò sí ní kíláàsì, tó ń sùn lórí tábìlì: kí la máa ń pè é níléèwé wa? Olórí kunkun. Ọ̀lẹ. Ọjọ́ tí ọmọ náà ń ja ìjà tó le jù láyé rẹ̀, tó ń ṣe ohun tí gbogbo wa ní kó ṣe gan-an, ọjọ́ náà ni yóò jẹ pàṣán, tí wọn yóò ní kó kúnlẹ̀ sójú oòrùn. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ní vape lápò sì wà níbẹ̀, tí yóò fún un ní ẹ̀ẹ̀kan péré tí ara rẹ̀ yóò fi balẹ̀. Ta ni yóò yàn?

Dókítà sọ fún wọn pé ìfẹ́ láti fà á máa ń wá bí ìgbì òkun, pé ìṣẹ́jú díẹ̀ ló máa ń lò kó tó rọlẹ̀, pé kí ẹni tó bá ń ṣe mu omi, kó rìn káàkiri, kó wá nǹkan fi ọwọ́ ṣe títí yóò fi kọjá. Ó ní ẹni tó bá ní ẹnì kan tó ń bi í léèrè lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ pé "báwo ni?" máa ń rí i ṣe ju ẹni tó ń dá a jà lọ. Ó ní fún ọmọ ọjọ́ orí wọn, ìmọ̀ràn àti àtẹ̀lé ló ṣáájú oògùn. Ó wá sọ ohun kan tó mú mi lọ́kàn: ẹni tó ń fa sìgá tó bá jáwọ́ kó tó pé ogójì ọdún ti sá fún nǹkan bí ìdá àádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ewu ikú tí sìgá ìbá kó bá a. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ṣì ní ààyè tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ níwájú.

Àwọn tó lè ṣe é wà nítòsí

Àwọn kan yóò ní àwọn dókítà wa kò tó, àwọn tó wà sì ń ṣíkọ̀ lọ sókè òkun. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ wo àgbègbè tiwa yìí dáadáa. Ṣágámù ni ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ọlábísí Ọ̀nàbáńjọ wà, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn sì ń kọ́ṣẹ́ níbẹ̀. Ìlíṣàn ni Babcock wà, yunifásítì ìjọ Adventist tí kíkọ tábà jẹ́ ara ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ wọn, òun náà sì ní ilé ìwòsàn tó ń kọ́ dókítà. Ìlésè-Ìjẹ̀bú ni wọ́n ti ń kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìlera alábọ́ọ́dé. Láàárín Rẹ́mọ àti Ìjẹ̀bú nìkan, àwọn ọ̀dọ́ tó wọṣọ funfun pọ̀ ju iléèwé girama wa lọ.

Àwọn ọ̀dọ́ yẹn ni mo ń wò. Ní 2012, ní Jámánì, Titus Brinker tó ń kọ́ ìṣègùn nígbà náà dá ètò kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Education Against Tobacco. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ló ń lọ sí iléèwé girama, wọ́n sì ṣe áàpù kan tí ọmọ yóò fi ya ojú ara rẹ̀, tí yóò sì rí bí ojú náà yóò ṣe rí lẹ́yìn ọdún púpọ̀ pẹ̀lú sìgá àti láìsí sìgá. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún kì í ronú jẹjẹrẹ tí yóò mú un ní ọgọ́ta ọdún. Ojú rẹ̀ nínú fọ́tò ló ń rò. Ní Amẹ́ríkà, láti 1988 ni àwọn dókítà ẹbí ti ń lọ bá àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nínú ètò Tar Wars, àwọn náà sì máa ń lo sitírọ́ọ̀. Orílẹ̀-èdè yẹn kan náà ti gbìyànjú ètò mìíràn ṣáájú, D.A.R.E., tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní Los Angeles ní 1983, tí ọlọ́pàá ń wá kọ́ àwọn ọmọ ní kíláàsì pé kí wọ́n kọ oògùn olóró. Nígbà tí wọ́n yẹ irú èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ń kọ́ wò, wọn kò rí i pé ó dín lílò rẹ̀ kù fún ìgbà pípẹ́.

Èmi kò yà á sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí mo rí ní gbọ̀ngàn wa. Ọmọ kì í jẹ́wọ́ fún ẹni tó lè mú un. Ní Ìjẹ̀bú níbí, a mọ ohun tí ẹgbẹ́ lè ṣe. Rẹgbẹrẹgbẹ́ ni wá, ẹgbẹ́ ló ń dáṣọ, ẹgbẹ́ ló ń jáde lójúde Ọba. Ẹgbẹ́ náà ló ń fún ọmọ ní vape àkọ́kọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn ẹni ọdún méjìlélógún sún mọ́ ọmọ SS2 ju èmi àti bàbá rẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ yẹn, lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ parí, dókítà ń bá ọ̀gá iléèwé sọ̀rọ̀ ní ọ́fíìsì, ṣùgbọ́n àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn méjèèjì ni àwọn ọmọ yí ká lábẹ́ igi, tí wọn kò jẹ́ kí wọ́n lọ.

Ohun tí mo ń bá lọ sípàdé

Òfin orílẹ̀-èdè wa lórí tábà, ti 2015, sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ta á fún ẹni tí kò tíì pé ọdún méjìdínlógún, kò sì gbọdọ̀ tú páálí tà ní ẹyọ ẹyọ. Ẹ rìn lọ sẹ́nu géètì iléèwé èyíkéyìí nílùú wa lọ́wọ́ ọ̀sán. Ẹyọ sìgá wà nínú páálí tó ti ṣí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bisikíìtì àti súìtì. Ọmọ tó rà á la ń lé lọ sílé. Ẹni tó tà á fún un kò kúrò níbi tó pàtẹ sí. Ìyẹn kò tọ́, mo sì ti sọ ọ́ fún àwọn ẹgbẹ́ mi nínú ìgbìmọ̀ pé a ó lọ bá àwọn ọlọ́jà náà jókòó, kí sáà tuntun tó wọlé, kí a fi òfin hàn wọ́n ní Yorùbá, ìyá sí ìyá, bàbá sí bàbá.

Ti inú iléèwé ló le. Mo fẹ́ kí a yí òfin wa padà: ọmọ tó bá fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá sọ pé òun ń fa á, òun sì fẹ́ jáwọ́, kí ó má lọ sílé, kí orúkọ rẹ̀ má wọ ìwé ìbáwí, kí wọ́n má kà á ní asẹ́ńbílì. Ẹni tó bá ń tà á fún ẹgbẹ́ rẹ̀, ìyẹn ọ̀rọ̀ mìíràn ni, a ó sì fi ọwọ́ mìíràn mú un. Mo mọ̀ pé àwọn òbí kan yóò ta kò mí. Wọn yóò ní a fẹ́ fi àyè gba ìwà burúkú, pé nígbà tiwọn pàṣán ló tọ́ wọn. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn. Àwọn náà fẹ́ràn ọmọ wọn, ìtìjú orúkọ ilé sì ń bà wọ́n lẹ́rù bó ṣe ń ba èmi náà. Ṣùgbọ́n ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́, àwa la sì ń mú kí àwọn ọmọ yìí dákẹ́.

Mo ti pe dókítà náà lórí fóònù. Ó gbà pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn yóò máa wá ní sáàsáà, nọ́ọ̀sì tó bá a wá sì ti ní òun lè máa yà lọ́sẹ̀ méjì méjì, torí Ìjẹ̀bú-Òde ló ń gbé. Yàrá ló kù. Ọ̀kan wà lẹ́yìn yàrá sáyẹ́ǹsì tí wọ́n ń kó àga tó ti kán sí. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣeé tì, fèrèsé rẹ̀ kò sì kọjú sí ọ́fíìsì àwọn olùkọ́. Mo ti kọ lẹ́tà béèrè fún un, bàbá kan tó jẹ́ káfíńtà nínú wa sì ti ní òun yóò tún méjì nínú àwọn àga náà ṣe lọ́fẹ̀ẹ́.